Òkìtì Yìnyín Tí A Wá láti Àgọ́-Ìwòyè

Olùyẹ̀wò náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún un wọ̀. Ó dìde lórí àga, ó rìn lọ síbi àwòrán ilẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì fi ìka lé àmì pupa kan ṣoṣo tó dá wà níhà òkè.

"Èyí ńkọ́?" ló wí. "Ta ló débẹ̀ rí?"

Fáànù òkè ń yí, ó ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Ṣẹ̀rífátù, akẹ́kọ̀ọ́ mi, dúró níwájú wa pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn.

"Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí, sà. Módẹ́ẹ̀lì ló ní ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀."

"Módẹ́ẹ̀lì!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì níkà nínú. "Ìwọ tí o kò fọwọ́ kan yìnyín rí ju ti inú fíríìjì lọ, o jókòó sí Àgọ́-Ìwòyè, o ń sọ fún mi pé òkìtì yìnyín wà nínú irà kan lókè téńté ayé, níbi tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn kò kọ ọ́ sí. Ọmọ mi, ọ̀kan nínú méjì. Yọ ọ́ kúrò, tàbí kí o fi hàn mí. Bí o bá ti ṣe ọ̀kan, màá fọwọ́ sí ìwé rẹ."

Ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló kù ní sáà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi, alábòójútó rẹ̀, máa fẹ̀yìn tì. Bí ìwé ọmọ yìí kò bá kọjá níbẹ̀, ó di kí wọ́n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹ̀ka wa tó mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ tó ń dì. Ẹni tí wọ́n bá fà á lé ni yóò ní kó wá nǹkan mìíràn ṣe. Gbogbo ọdún tó ti lò á ṣòfò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí a jáde kúrò nínú yàrá yẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Àgbà kì í rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó má fẹ́ débẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ṣọ́pẹ̀n ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú igbó ni mo dàgbà sí, lábẹ́ igi kòkó àti igi obì, níbi tí ooru ti ń mú ènìyàn láàárọ̀ kí oòrùn tó jáde dáadáa. Kò sí ohun tó kan irú mi kan yìnyín. Sìkọ́láṣíìpù ló gbé mi lọ sí Fíńláǹdì nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Mo rò pé ilẹ̀ tí àgbàrá ń wọ́ lọ ni mo fẹ́ lọ kọ́ nípa rẹ̀, kí n padà wálé wá tọ́jú ọ̀gbun tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí wọ́n fún mi, obìnrin àgbàlagbà kan tí à ń pè ní Áínò, òkìtì yìnyín ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí a bá fi fún ọ̀gá, iṣẹ́ ọ̀gá náà ni yóò kọ́.

Kí ni òkìtì yìnyín? Ní àríwá àríwá ibẹ̀, irà ló pọ̀. Koríko tó ti ń kú láti ayébáyé kó jọ sínú irà náà, ó di ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ bíi kànrìnkàn tó rin. Níbi tí otútù bá ti ráyè wọlé, omi inú rẹ̀ á dì, á wú, á sì gbé ilẹ̀ orí rẹ̀ sókè bí ìgbà tí èèwo ń gbé awọ ara. Òkìtì náà lè ga ju ènìyàn lọ. Yìnyín inú rẹ̀ kì í yọ́ látọdún dọ́dún, kódà nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ ó gún un wọlẹ̀, á máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ tó wọ ẹ̀bà, títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ̀!" Yìnyín nìyẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ìró yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Títí di òní, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé inú irà, Áínò ní kí n yan ibi tí a ó ti wá òkìtì. Mo wò yíká, mo sì nawọ́ sí kòtò ńlá kan tí òjò dídì kún dé ètè rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi mú ibẹ̀?" ó bi mí. Òyìnbó tí kì í ṣe ti èmi tí kì í ṣe tirẹ̀ la jọ ń sọ.

"Màmá, ibẹ̀ ni òjò dídì pọ̀ sí jù. Ibi tó bá tutù jù lókè ni yóò tutù jù nísàlẹ̀."

Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ẹrù rẹ̀. Ó nu omi ojú, ó ní, "Bí otútù bá mú yín nílé yín, ṣé ẹ máa ń bọ́ra sílẹ̀ ni tàbí ẹ máa ń bora?"

"A máa ń bora."

"Òjò dídì ni aṣọ ìbora ilẹ̀. Ibi tó bá ti nípọn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń sùn nínú ooru ni. Wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbá aṣọ náà kúrò, tí ìhòòhò ilẹ̀ hàn. Ibẹ̀ ni otútù ń gbà wọlé."

Àṣìṣe ọmọ ilẹ̀ olóoru nìyẹn. Àwa tí a kì í rí òjò dídì, a rò pé òun ni otútù fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé aṣọ ni.

Lọ́dọ̀ Áínò kan náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo fi jẹun títí mo fi di arúgbó: fífi ìṣirò sọ ibi tí òkìtì lè wà láìtíì débẹ̀. Irà yẹn fẹ̀ ju kí ẹsẹ̀ rìn ín tán. Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí: ìyá mi kì í wá olú káàkiri gbogbo oko. Ó mọ irú ibi tí olú fẹ́ràn, ìdí ọ̀pẹ tó ti wó, níbi tí òjìji wà, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ dáadáa. Bó bá dé oko tí kò dé rí, ojú rẹ̀ á ti lọ síbi tí olú yóò wà. Ohun tí a ń pè ní módẹ́ẹ̀lì kò ju ojú ìyá mi lọ, tí a fi nọ́ńbà ṣe. A ó mú àwọn ibi tí a mọ̀ pé òkìtì wà, a ó mú àwọn ibi tí kò sí, a ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ọ̀rọ̀: Báwo ni otútù rẹ ṣe tó? Báwo ni òjò dídì rẹ ṣe nípọn tó? Ṣé o tẹ́jú? Ṣé irà ni ọ́? Kọ̀ǹpútà á gbọ́ ìdáhùn gbogbo wọn, á mọ irú ibi tí òkìtì fẹ́ràn. Bí a bá wá fi ibi tuntun hàn án, á sọ bó ti ṣeé ṣe tó pé kí òkìtì wà níbẹ̀. Kì í búra. Ìyá mi náà kì í búra. Ó kàn máa ń gbé agbọ̀n dání ni.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ojú kọ̀ǹpútà ríran? Èyí kò ṣòro fún mi láti ṣàlàyé, nítorí ilé kéú ni mo ti kọ́ ọ kí n tó rékọjá òkun. Áàfáà wa ní Òkè-Ṣọ́pẹ̀n a máa kọ ẹsẹ̀ kéú sára wàláà, a máa jẹ́ kí a kà á títí yóò fi wọ̀ wá lórí. Lẹ́yìn náà, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá kan wàláà, á ní, "Ó yá, máa kà á lọ." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kà á kọjá abẹ́ ọwọ́ áàfáà bí ẹni pé ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àfarawé lásán á dákẹ́ ní ibi tí ìka àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, pàṣán á sì wí tirẹ̀. Bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. A ó fi ọwọ́ bo apá kan ilẹ̀ tí a mọ òkìtì inú rẹ̀, a kò ní fi han kọ̀ǹpútà, a ó ní kó kà á. Bó bá kà á bó ṣe rí, a gbà pé ó mọ kéú.

Nígbà tí mo padà sílé tí mo ń kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n fi mí ṣe ẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Ìjẹ̀bú-Igbó sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé àbúrò òun ni ọ̀gá yìnyín ní yunifásítì. Bí wọ́n bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ ládùúgbò, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn mú búlọ́ọ̀kù yìnyín bọ̀. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, ó sú mi. Níkẹyìn, mo kúkú ń rà á lọ fún wọn.

Inú irú ayé yìí ni Ṣẹ̀rífátù wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ Efire ni, lọ́hùn-ún ní Ogun Waterside, níbi tí ọ̀sà àti ilẹ̀ kò ti tíì parí ìjà ààlà wọn. Ẹja ni bàbá rẹ̀ ń pa kó tó kú, ẹja ni ìyá rẹ̀ ń yan. Ó jókòó, ó ní òkìtì yìnyín ni òun fẹ́ fi gba oyè dókítà.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin ńkọ́ sà, kí ló gbé ọmọ Òkè-Ṣọ́pẹ̀n débẹ̀?"

"Sìkọ́láṣíìpù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò ní sìkọ́láṣíìpù. Mo kàn fẹ́ràn ilẹ̀ tí kì í dúró sójú kan ni. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Efire, inú omi ló wà báyìí, Bàbá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi ọwọ́ han ibi tí wọ́n bí wọn sí. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí tèmi."

Mo gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó sì gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ wá, mo wò ó, mo sì gbé ojú sá. Gbogbo orí òkè tí òjò dídì ti nípọn jù ló kùn ní pupa, ó pọ́n bí ata tí wọ́n sá sórí ẹní.

"Ṣẹ̀rífátù, bí ọyẹ́ bá mú ẹ ní Efire, ṣé wàá bọ́ra ni tàbí wàá bora?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àgbà tí orí rẹ̀ ń dàrú. Lẹ́yìn náà, ó lu tábìlì. "Ye! Aṣọ ìbora! Ilẹ̀ ń bora!" Ó kó ìwé rẹ̀, ó sáré jáde láìkí mi. Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín fúnra mi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ ìdí tí Áínò fi nu omi ojú.

Ó wá fisà láti lọ wo irà náà fúnra rẹ̀. Wọn ò fún un. Ó tún wá a. Wọn ò tún fún un. Kò sunkún lójú mi. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ló fi ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ ilé ìtẹ̀wé tó wà lójú ọ̀nà. Ó mọ irà tí kò dé yẹn débi pé ó sọ odò inú rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Màkún-Omi, orúkọ ìlú kan lápá ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé bó ṣe tẹ̀ jọ omi ibẹ̀.

Ó sì rí ohun kan tí èmi kò rí. Àwọn tó kọ́kọ́ ya àwòrán ilẹ̀ yẹn, ojú ọ̀nà ni wọ́n tọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé ni wọ́n kọ òkìtì sí. Ibi tí ẹsẹ̀ kò dé, òfo ni wọ́n fi sí i, àwọn tó tẹ̀lé wọn sì ka òfo náà sí "kò sí." Ó dà bí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, tó ka igi obì etí títì, tó wá ní kò sí obì nínú igbó. Ṣẹ̀rífátù kò gba òfo wọn gbọ́. Ibi tí kò sẹ́ni tó dé, kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á sí kò sí. Ó fi ọwọ́ bo odidi agbègbè kan lórí wàláà, ó ní kí módẹ́ẹ̀lì kà á. Módẹ́ẹ̀lì kà á dáadáa, gbogbo òkìtì tí a mọ̀ ló dárúkọ. Lẹ́yìn náà ló wá ka ọ̀kan lé e, ní àárín irà jíjìn kan, níbi tí ìwé gbogbo ní kò sí.

Àmì pupa tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí a tó lọ síwájú olùyẹ̀wò, mo gbà á nímọ̀ràn bí bàbá.

"Yọ ọ́. Ẹyọ kan ni. Àwọn tó kù ti tó ọ gba oyè."

"Bàbá, áàfáà yín ńkọ́? Bí ọmọ bá ka kéú kọjá abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó wá ka ẹsẹ̀ kan tí áàfáà kò retí, ṣé ó máa ń lù ú kó tó ṣí ọwọ́ wò ni?"

Áàfáà wa máa ń ṣí ọwọ́ wò.

Ìdí nìyí tí a fi dúró síwájú olùyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi di dandan kí ẹnì kan lọ ṣí ọwọ́ wò. Mo pe Jùhá. Akẹ́kọ̀ọ́ Áínò ni òun náà, a jọ gbé inú àgọ́ kan náà nígbà èwe wa. Áínò ti kú, Jùhá sì ti funfun lórí bíi tèmi.

"Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ jìnnà sójú ọ̀nà," ó ní. "Orúnkún mi ti di ti ẹlòmíràn."

"Mo mọ̀. Bí mo bá ní ẹlòmíràn, ǹ bá má pè ọ́."

Ó bi mí, "Ọmọ yẹn, ṣé òun náà kọ́kọ́ wá òkìtì lábẹ́ òjò dídì tó nípọn?"

"Òun náà."

"Màá lọ."

Ọjọ́ tó lọ, ìyá Ṣẹ̀rífátù ti Efire wá sí ọ́fíìsì mi, ó gbé ẹja yíyan sínú abọ́, ó fi ìwé sìmẹ́ńtì bò ó. Ó ti pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti wálé gbẹ̀yìn, ó ní kí òun wá wò ó bóyá ó ṣì ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní adùn etí omi tí mi ò lè fi bírò kọ, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí ìwé ṣe ń kọ ọ́. A fún un ní àga lábẹ́ fáànù. A gbé fóònù Ṣẹ̀rífátù lé orí àwọn ìwé ńlá, a pe Jùhá, ojú rẹ̀ yọ nínú irà, oòrùn ń ràn lẹ́yìn rẹ̀.

"Àlàájì," ìyá náà bi mí, "bàtà wo lọkùnrin yìí wọ̀, tó fi dé ìtan?"

"Bàtà irà ni, Ìyá."

"Kí ló wá ń gbá létí?"

"Ẹ̀fọn ni, Mọ́mì," Ṣẹ̀rífátù dáhùn.

"Ẹ̀fọn! Níbi otútù?" Ó pàtẹ́wọ́. "Wọn ò sàn jù wá lọ, ṣẹ́ ẹ rí i? Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Yìnyín."

"Nínú irà. Sọ fún un kó máa fi ọ̀pá díwọ̀n kó tó gbẹ́sẹ̀ o, kí ọmọ ọlọ́mọ má lọ rì torí ìwé tìẹ."

"Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mọ́mì."

"Hẹn-ẹn. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn."

Jùhá ń rìn. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tiwọn kò ní wàhálà, tiwa là ń bẹ. Àwòrán á dì, á tún máa rìn. Nígbà tó yá, ó dúró. Ó wo ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó wà, ó wo iwájú, ó tún wo ẹ̀rọ náà.

"Mo ti débẹ̀," ó ní. Ó yí fóònù síwájú kí a lè rí i.

Kò sí òkìtì. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Adágún omi kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó rí róbótó, ó dúdú, ọ̀run sì hàn nínú rẹ̀.

Mo wo ọwọ́ Ṣẹ̀rífátù lórí tábìlì, mo rí i tí ìka rẹ̀ ń ká wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí bàbá máa ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

"Mo bá ọ kẹ́dùn, ọmọbìnrin," Jùhá wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ yí adágún náà po. Ẹ rọra rìn. Mo fẹ́ rí etí rẹ̀."

Jùhá yí i po. Fóònù ń mì. Lápá ọ̀hún, etí omi náà ga díẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ ti sán, ó ti ya ní ègé-ègé, ó dojú kọ omi bí ògiri alámọ̀ tí òjò ti ń jẹ ìdí rẹ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ gún ibẹ̀ yẹn, sà. Orí etí tó ga yẹn."

Jùhá gbé fóònù lé orí àpò rẹ̀. A kò rí ojú rẹ̀ mọ́; bàtà rẹ̀ àti ọ̀pá irin là ń rí. Ọ̀pá wọlé. Ó ń wọlé lọ. Ó wọlé débi pé mo rò pé ó ti tán.

"Kọ̀!"

Ìyá Ṣẹ̀rífátù fò díde lórí àga. "Kí ló kàn?"

Jùhá tún gún un. "Kọ̀!" A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Yìnyín! Ó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ etí! Òkìtì ńlá ló wà níbí, ọmọbìnrin. Ó ti yọ́, ó ti di omi. Ìdí rẹ̀ ló kù."

Ṣẹ̀rífátù bo ojú. Mo rò pé ayọ̀ ni. Ìgbà tó ṣíjú, ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. "Otútù àtijọ́ ni mo fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìgbà tí ibẹ̀ ṣì tutù tó. Ibi tí òkìtì wà nígbà yẹn ló kà fún wa."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó tẹ ojú mọ́ fóònù, ó wo adágún náà pẹ́.

"Ó jọ ojú ilé wa," ó ní.

Ẹlòmíràn ì bá lọ bá ìgbìmọ̀ pé, "Ẹ wò ó, yìnyín wà níbẹ̀, mo borí." Ọmọ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà lọ sídìí àwọn àmì pupa rẹ̀ gbogbo, ó wá àwòrán àtijọ́ àti àwòrán òní, ó ń wò wọ́n pọ̀. Ó rí àwọn òkìtì mìíràn tí wọ́n ti di adágún, tí kò sẹ́ni tó sunkún wọn nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wà rí. Ó fi orí kan kún ìwé rẹ̀ nípa wọn. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní orí yẹn.

Nígbà ìpàdé tó kẹ́yìn ní sáà náà, olùyẹ̀wò tún dìde, ó tún bọ́ awò ojú, ó tún fi ìka lé àmì kan náà. Mo rò pé ó fẹ́ pa wá ni.

"Dókítà ọ̀la," ó wí, "ta ló débẹ̀ rí?"

"Ọ̀pá débẹ̀, sà."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló bá níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ rí, sà. Ó ń lọ. Díẹ̀ ló kù."

Ó jókòó, ó fọwọ́ sí ìwé náà. "Ẹ̀yin ará etí omi," ó ní, "ẹ ò ní jẹ́ kí ènìyàn borí yín." Ó nawọ́ sí i. "Mo kí ọ, Dókítà."

Èmi náà fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe àpèjẹ, wọ́n fún mi ní aago ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi se ìkọ́kọrẹ́, ó sì kéde fún gbogbo èrò pé ọ̀gá yìnyín ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣẹ̀rífátù ló wà ní ọ́fíìsì mi báyìí. Mo gbọ́ pé ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán ilẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, á ní, "Ó yá, ẹ máa kà á lọ." Àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà tó wà láàárín wọn kò mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Wọ́n ń kà á bẹ́ẹ̀ náà.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní kí n wá sí Efire, ìyá òun fẹ́ dúpẹ́. A jẹun tán, ìyá náà ní kí a wọ ọkọ̀ ojú omi, òun fẹ́ fi nǹkan hàn mí. Ó mú ọ̀pá ìtukọ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi tì wá lọ jẹ́jẹ́, ọjọ́ orí kò sì hàn lápá rẹ̀. Ibi tó dúró sí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn lójú tèmi. Omi ni. Oṣíbàtà méjì léfòó sórí rẹ̀.

Ó gbé ọ̀pá sókè, ó sọ ọ́ sínú omi tààrà. Ọ̀pá ń wọlé, ó ń wọlé.

"Kọ̀!"

Mo gbójú sókè. Ṣẹ̀rífátù ti ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa nìyẹn," ìyá rẹ̀ wí. "Bàbá Ṣẹ̀rífátù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó. Ẹ gbà, Àlàájì, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ."

Ó na ọ̀pá náà sí mi. Mo gbé e pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo fi ń gún irà nígbà èwe mi. Ó yára di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ rọra kàn án," ó ní. "Ilé ènìyàn ni."